Ààbọ̀ Ọ̀rọ̀ Nínú Àyọkà, Odindi Ọ̀rọ̀ Nínú Ìlànà

Ọmọ JSS 2 kan gba 9 nínú 10 nínú iṣẹ́ àkàyé Gẹ̀ẹ́sì tí mo fún wọn. Mo pè é sídìí tábìlì mi láti yìn ín. Mo ní, “Ó dáa, sọ fún mi, kí ni àyọkà yẹn dá lé?” Ó wo ilẹ̀, ó wo ìwé ọwọ́ rẹ̀. Mo ní kó pa ìwé dé, kó sọ ọ́ bó ṣe yé e, bó bá wù ú kó fi Yorùbá sọ ọ́. Ọmọ náà dúró bí ẹni tí wọ́n ní kó ki oríkì ìdílé tí kì í ṣe tirẹ̀. Kò jíwèé wò, ẹnikẹ́ni kò ràn án lọ́wọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló gba 9 náà. Ohun tó kà ni kò yé e.

Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n àtìgbà náà ni mo ti ń bi ara mi léèrè ohun tí máàkì tí à ń fún àwọn ọmọ wọ̀nyí ń wọ̀n gan-an. Ẹ jẹ́ kí n fi Yorùbá dán ẹ̀yin náà wò. Ẹ ka gbólóhùn yìí:

“Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹta, gáńgíràn olókùṣù náà fẹ̀lùfẹ̀lù lórí àdòǹpẹ́ títí ó fi ṣẹ̀n ìdọ̀ǹkú mẹ́rin.”

Níbo ni gáńgíràn náà ti fẹ̀lùfẹ̀lù? Lórí àdòǹpẹ́ ni. Irú gáńgíràn wo ni? Gáńgíràn olókùṣù. Ìdọ̀ǹkú mélòó ló ṣẹ̀n? Mẹ́rin. Ẹ ti gba mẹ́ta nínú mẹ́ta, bẹ́ẹ̀ ni gbólóhùn náà kò ní ìtumọ̀ kankan. Èmi ni mo hun ún. Girama Yorùbá tó wà nínú rẹ̀ ló fún yín ní máàkì, kì í ṣe òye. Ohun tí ọmọ mi yẹn ṣe pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì nìyẹn. Ó wo ọ̀rọ̀ tó wà nínú ìbéèrè, ó wá irú rẹ̀ nínú àyọkà, ó sì da gbólóhùn tó bá a níbẹ̀ kọ. Àwọn tó ń máàkì ìwé WAEC mọ àṣà yìí dáadáa, “lifting” ni wọ́n ń pè é, ọdọọdún ni wọ́n sì ń ráhùn nípa rẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ní SS 3 ló ti bẹ̀rẹ̀. Àwa tí à ń kọ́ wọn ní jíúníọ̀ la fi máàkì bọ́ ọ títí ó fi dàgbà.

Àwọn àgbà ní ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là á sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dénú rẹ̀ yóò di odindi. N kò tíì rí àlàyé tó dára ju òwe yìí lọ lórí ohun tí ìwé kíkà jẹ́. Kò sí òǹkọ̀wé tó kọ gbogbo ọ̀rọ̀ tán. Ààbọ̀ ló fi sórí ìwé, inú ẹni tó ń kà á ni ìyókù wà. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ọmọ lóye àyọkà, ibi tí ọ̀rọ̀ ti jẹ́ ààbọ̀ ni kó ti béèrè ìbéèrè, kó wò ó bóyá ọmọ náà lè sọ ọ́ di odindi. Ṣùgbọ́n nínú sílébọ́ọ̀sì kan náà, iṣẹ́ kan tún wà tó dojú òwe yìí kọ ibòmíràn, ìyẹn ni kíkọ ìlànà bí a ṣe ń ṣe nǹkan. Ẹni tó ń kọ ìlànà kò gbọdọ̀ sọ ààbọ̀. Odindi ni kó kọ, nítorí pé ẹni tí yóò tẹ̀ lé e kò sí lọ́dọ̀ rẹ̀ láti bi í léèrè. Iṣẹ́ méjèèjì yìí ni mo fẹ́ sọ bí a ṣe ń dán ọmọ wò lórí wọn.

Ẹ jẹ́ ká mú àyọkà kékeré kan tí mo máa ń lò. Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi kọ ọ́ fún wọn, ohun tó wà nínú rẹ̀ sì nìyí. Ìyá Àjọkẹ́ a máa jí ní aago mẹ́rin ìdájí láti gbé ẹ̀kọ mímu kaná. Kí agogo ilé-ìwé tó lù, ìkòkò rẹ̀ a ti ṣófo. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, òjò bẹ̀rẹ̀ ní aago márùn-ún, kò sì dá títí aago mẹ́sàn-án fi lù. Ìyá Àjọkẹ́ pe àwọn aládùúgbò rẹ̀, ó ní kí oníkálukú gbé abọ́ wá. Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Aago mélòó ni ó máa ń jí? Ìdáhùn wà lójú ìwé, kí ọmọ kàn kà á jáde ló kù. Ẹyọ kan irú rẹ̀ ni mo máa ń béèrè, kí ọkàn àwọn ọmọ lè balẹ̀. Ìbéèrè kejì ló le: àwọn wo ni oníbàárà Ìyá Àjọkẹ́? Kò sí ibì kankan tí wọ́n ti kọ ọ́. Ọmọ ní láti wo agogo ilé-ìwé, kó wo ìkòkò tó ti ṣófo kí agogo náà tó lù, kó so wọ́n pọ̀, kó wá sọ pé àwọn ọmọ ilé-ìwé tó ń kọjá ní àárọ̀ ni. Ẹni tó bá rí ìyẹn ni yóò rí ìdáhùn ìbéèrè kẹta, ìdí tí ẹ̀kọ fi ṣẹ́kù lọ́jọ́ òjò. Irú ìbéèrè báyìí kò ṣeé dà kọ, nítorí pé gbólóhùn tí ọmọ yóò dà kọ kò sí níbẹ̀.

Ìbéèrè kẹrin ni mo fẹ́ràn jù: irú ènìyàn wo ni Ìyá Àjọkẹ́, kí ló sì fi hàn ọ́ bẹ́ẹ̀? Máàkì méjì ló wà fún un, ọ̀kan fún ìdáhùn, èkejì fún ẹ̀rí tí ọmọ bá mú wá láti inú àyọkà. Ọmọ kan kọ ọ́ pé aláàánú ni, nítorí pé kò gba owó. Òmíràn kọ ọ́ pé ọlọ́gbọ́n ni, nítorí pé ẹ̀kọ tó bá ti tutù kò ṣeé tà lọ́jọ́ kejì, ó sì sàn kí aládùúgbò mu ún ju kó bàjẹ́ lọ. Méjèèjì gba 2. Ẹnì kẹta kọ ọ́ pé onígbàgbọ́ ni. Mo ka àyọkà náà lẹ́ẹ̀kan sí i nítorí tirẹ̀, n kò rí ibi tó ti rí i. Inú rere kò ti inú ẹ̀sìn kan ṣoṣo wá, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ìdáhùn tó ju ẹyọ kan lọ lè tọ̀nà, ṣùgbọ́n èyí tí kò lẹ́sẹ̀ nínú ìwé kò tọ̀nà, bó ti wù kó dùn tó. Olùkọ́ tó bá kọ ìdáhùn kan ṣoṣo sínú ìwé ìmáàkì rẹ̀ fún irú ìbéèrè yìí ti fìyà jẹ ọmọ tó gbọ́n jù ú lọ.

Àwọn onímọ̀ ti pín àwọn ìpele yìí sí ọ̀nà oríṣiríṣi. Thomas Barrett, ọmọ Amẹ́ríkà, tò ó sí márùn-ún ní 1968, láti orí ohun tó hàn kedere dé orí ìmọrírì. Mi ò rò pé olùkọ́ nílò láti há gbogbo ìpele wọ̀nyẹn sórí. Ohun tó nílò ni kó mọ ìbéèrè tí ojú nìkan lè dáhùn yàtọ̀ sí èyí tó ń béèrè ọkàn.

Ohun kan tún wà nínú Gẹ̀ẹ́sì tó máa ń dá àwọn ọmọ tiwa dúró ju bí a ti mọ̀ lọ. “Ó” kan ṣoṣo la ní ní Yorùbá fún ọkùnrin, obìnrin, ẹranko àti àwo. Gẹ̀ẹ́sì pín in sí mẹ́ta, ó sì ń fi ìpín náà júwe ọ̀nà fún òǹkàwé: èyí ni ọkùnrin náà, èyí ni obìnrin náà, èyí ni ìkòkò náà. Ọmọ tó bá ń ka “he”, “she” àti “it” bí ẹni pé “ó” kan náà ni gbogbo wọn yóò sọnù ní ìlà kẹrin, ẹnikẹ́ni kò sì ní mọ̀. Ìdánwò rẹ̀ kò gba àkókò. Mo ní kí wọ́n fi pẹ́ńsù yí gbogbo ọ̀rọ̀ arọ́pò orúkọ inú ìpínrọ̀ kan po, kí wọ́n fa ìlà láti ara kọ̀ọ̀kan lọ sára ẹni tó ni ín. Kò sí gbólóhùn tí wọ́n máa kọ. Láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, mo ti mọ ẹni tó ń tẹ̀ lé ìtàn àti ẹni tó ti ṣìnà.

“Before” ni ọ̀fìn kejì. Bí ìwé bá ní “Before you add the salt, let the water cool”, àìmọye ọmọ ló máa ń sọ pé iyọ̀ la kọ́kọ́ fi sí i, nítorí pé iyọ̀ ló ṣáájú lójú ìwé. Ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sí ìdánwò. Ní ọ̀pọ̀ ilé, ọmọ JSS ni akàwé ilé. Òun ni màmá àgbà máa ń na ìgò oògùn sí pé kó bá òun wo ohun tí wọ́n kọ sí i lára. Bí “shake well before use” kò bá yé e, ara ẹlòmíràn ni yóò ti jẹ yọ.

Nígbà tí ọmọ bá gba òdo, ìbéèrè tó kàn ni pé kí ni kò mọ̀. Ní 1986, Philip Gough àti William Tunmer gbé àlàyé kan kalẹ̀ tó ràn mí lọ́wọ́ púpọ̀. Wọ́n ní ìsodipúpọ̀ ni ìwé kíkà: agbára láti pe ọ̀rọ̀ tó wà lójú ìwé, ní ìlọ́po agbára láti gbọ́ èdè náà. Bí ọ̀kan bá jẹ́ òdo, èsì rẹ̀ òdo ni. Ọmọ kan lè ka àyọkà geere bí oníròyìn rédíò kó má gbọ́ ohun tó ń kà. Òmíràn wà tó jẹ́ pé bí mo bá ka àyọkà náà sí i létí, yóò dáhùn gbogbo ìbéèrè mi, lẹ́tà ló ń dí i lọ́nà. Máàkì kan náà ni àwọn méjèèjì máa gbà, ìtọ́jú wọn sì yàtọ̀ pátápátá. Nítorí ìdí yìí, nígbà mìíràn mo máa ń gba ìdáhùn ní Yorùbá. Àwọn kan nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ mi lòdì sí i, wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì la ń kọ́. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n òye ni mo ń wá lọ́jọ́ náà, bí ó bá sì wà níbẹ̀ tí ẹnu Gẹ̀ẹ́sì kò jẹ́ kó jáde, mo fẹ́ mọ̀. Láti 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, wọ́n sì fi Gẹ̀ẹ́sì ṣe iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà kò kẹ́yìn àwọn ẹgbẹ́ wọn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Yorùbá kò bá Gẹ̀ẹ́sì jà nínú orí ọmọ. Àwa àgbà la dá ìjà náà sílẹ̀.

Nítorí ìdí kan náà, n kì í yọ máàkì fún sípẹ́lì nínú àkàyé. Bí ọmọ bá kọ “neigbour” tí mo sì mọ ohun tó ń sọ, ó ti lóye. Ọjọ́ sípẹ́lì ń bọ̀.

Ẹ wá wo ọ̀rọ̀ àyọkà tí a máa ń yàn. Ní 1988, Donna Recht àti Lauren Leslie mú ọmọ 64 ní Amẹ́ríkà, àwọn ẹgbẹ́ ọmọ JSS tiwa gan-an. Wọ́n fún wọn ní ìtàn kan kà lórí eré baseball, wọ́n wá gbé pápá eré kékeré kan síwájú wọn pẹ̀lú àwọn ère onígi, wọ́n ní kí wọ́n fi àwọn ère náà ṣe ohun tí wọ́n kà. Àwọn tí ìwé kíkà kò dá lójú ṣùgbọ́n tí wọ́n mọ eré náà dáadáa tayọ àwọn ọ̀jáfáfá òǹkàwé tí kò mọ eré náà. Nígbà tí mo ka èyí, mo rántí àwọn ìwé tí a fi kọ́ èmi náà, yìnyín tó bo òrùlé, ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n ń wọn ohun tí a ti rí rí, wọ́n sì ń pè é ní ìwé kíkà. Ìyàtọ̀ wà nínú kíláàsì kan náà pẹ̀lú. Bí mo bá mú àyọkà lórí pápákọ̀ òfuurufú, ọmọ tó ti wọ bàálù ti jèrè kó tó kà á. Kí n tó lo àyọkà kan, mo máa ń bi ọmọ mélòó kan ní kíláàsì mìíràn ní àwọn ìbéèrè náà láì jẹ́ kí wọ́n ka àyọkà. Ìbéèrè tí wọ́n bá dáhùn láì kàwé, mo yọ ọ́ kúrò.

Fún olùkọ́ tí kò ní ẹ̀rọ ìdàwékọ, tó sì ní ọmọ tó lé ní 60 níwájú, ọ̀nà kan wà tí owó rẹ̀ kò ju ṣọ́ọ̀kì lọ. Wilson Taylor ló gbé e jáde ní 1953, “cloze” ló pè é. Ẹ kọ ìpínrọ̀ kan sójú pátákó, ẹ fi gbólóhùn àkọ́kọ́ sílẹ̀ bó ṣe wà, lẹ́yìn náà kí ẹ máa pa ọ̀rọ̀ karùn-ún kọ̀ọ̀kan rẹ́, kí ọmọ dí àwọn àlàfo náà. Ẹni tí ọ̀rọ̀ yé ni yóò mọ ohun tó yẹ ibẹ̀. Ìdánwò yìí sàn lójú mi ju ìdánwò yíyan A, B, C tàbí D tó kún inú BECE, èyí tí ilé-iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ìpínlẹ̀ ń ṣe fún àwọn ọmọ JSS 3, tí NECO sì ń ṣe fún àwọn ilé-ìwé ìjọba àpapọ̀. Nínú ìbéèrè 20 tó ní ìdáhùn mẹ́rin mẹ́rin, ọmọ tó bá di ojú tó sì kàn ń tẹ ìka lè retí 5.

Ó wá ku kíkọ ìlànà, níbi tí ọ̀rọ̀ ti dùn mí jù.

Iṣẹ́ yìí ṣòro fún àwọn ọmọ wa fún ìdí kan tí kì í ṣe ẹ̀bi wọn. Ní ilé, ojú ni wọ́n fi ń kọ́ṣẹ́. Ọ̀gá télọ̀ kì í kọ̀wé fún ọmọ iṣẹ́, “Wo ọwọ́ mi” ló máa ń sọ. Ìyá tó ń se ọbẹ̀ á ní, “Fi iyọ̀ sí i níwọ̀n, da omi sí i, ó ti tó, ó ti tó.” Ọwọ́ rẹ̀ ni ìwọ̀n, ojú rẹ̀ ni aago. Ẹ̀kọ́ tó dára ni. Ṣùgbọ́n ìwé kò ní ọwọ́, kò sì ní ojú. Ohun tí ìyá fi ọwọ́ sọ ni ọmọ gbọ́dọ̀ wá ọ̀rọ̀ fún.

Mo ní kí wọ́n kọ bí a ṣe ń ṣe omi oníyọ̀ àti ṣúgà fún ọmọ tó ń ya ìgbẹ́ gbuuru. Mo yan èyí nítorí pé gbogbo ilé ló mọ̀ ọ́n, nítorí pé àṣìṣe rẹ̀ kì í sì í ṣe àwàdà. Ọmọ kan kọ ọ́ báyìí: “Put water. Put sugar and little salt. Turn it and give the baby.” Sípẹ́lì rẹ̀ tọ̀nà. Bí a bá fi ojú àtijọ́ máàkì rẹ̀, yóò gba nǹkan kan.

Lọ́jọ́ kejì, mo gbé omi, ṣúgà, iyọ̀, síbí tíì kan àti ìwé funfun wọ kíláàsì. Mo ka iṣẹ́ náà sókè, n kò dárúkọ ẹni tó kọ ọ́. Mo ní, “Iyọ̀ mélòó?” Gbogbo wọn dáhùn pé, “Díẹ̀ ni, mà!” Mo pe ọmọ mẹ́rin jáde, mo fún wọn ní ìwé kọ̀ọ̀kan, mo ní kí oníkálukú bu “díẹ̀” tirẹ̀ sórí ìwé rẹ̀, kó má wo ti ẹnìkejì. Nígbà tí a tò wọ́n sórí tábìlì, ti ẹnì kìíní kò ju ìwọ̀nba tí a fi ìka méjì mú lọ. Ti ẹnì kejì tó ìdajì síbí. Ti ẹnì kẹta kún síbí dé etí. Ẹnì kẹrin bu síbí méjì tó ga bí òkè. Kíláàsì dákẹ́. Ọmọbìnrin kan tó jókòó sí iwájú ní, “Mà, èyí tó pọ̀ yẹn kò ní pa ọmọ náà?” Mo ní ó lè pa á. Iyọ̀ tó bá pọ̀ jù yóò tún máa fa omi jáde lára ọmọ tí omi ti ń tán lára rẹ̀.

Ìwọ̀n tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi lélẹ̀ fún èyí tí a bá ń pò nílé ni omi mímọ́ lítà 1, síbí tíì 6 ṣúgà, ìdajì síbí tíì iyọ̀, kí a sì fi ọ̀bẹ fá orí síbí náà kó tẹ́jú. (Èyí tí wọ́n pò sínú ọ̀rá ní ilé oògùn ló dára jù, bí a bá rí i.) Mo kọ ọ́ sójú pátákó. Lítà 1 jẹ́ ọ̀rá omi méjì tí wọ́n kọ 50cl sí lára, àwọn ọmọ fúnra wọn ló sì ṣe ìṣirò yẹn. Mo gba irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ wọlé. Bí ọmọ bá kọ agolo mílíìkì tàbí kóńgò nínú ìlànà rẹ̀, tí ẹni tí yóò kà á bá sì mọ agolo náà, ìwọ̀n ni. “Díẹ̀” ni kì í ṣe ìwọ̀n.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń dán ìlànà wò látìgbà náà: mo gbé e fún ẹlòmíràn kó ṣe é. JSS 2 kọ ọ́, ọmọ JSS 1 kan tẹ̀ lé e, ẹni tó kọ ọ́ dúró ní ẹ̀gbẹ́, kò sì gbọdọ̀ lanu. Ibi tí ọmọ JSS 1 náà bá ti dúró, tó gbójú sókè, tó ní “Kí ni mo máa ṣe báyìí?”, ibẹ̀ ni ìwé náà ti já. Mo máa ń fi pẹ́ńsù sàmì síbẹ̀ lójú ẹni tó kọ ọ́. Kò sí bí mo ṣe lè fi bírò pupa ṣàlàyé tí yóò yé e tó bó ṣe rí ojú ọmọ yẹn.

Ọ̀rọ̀-ìṣe ni ohun tó kàn tí mo ń wò. “Put” ni àwọn ọmọ wa fi ń ṣe gbogbo nǹkan. Put water, put salt, put fire. Bẹ́ẹ̀ sì ni èdè wọn kún: omi là ń rọ sẹ́nu ìgò, à ń dà á sí abọ́, à ń bu gàrí, à ń wọ́n iyọ̀, à ń kán oògùn sójú. Wọ́n mọ ìyàtọ̀ àwọn wọ̀nyí láti ọmọdé. Mo máa ń béèrè pé, “Kí ni màmá rẹ máa sọ níbẹ̀?” Ọmọ á ní, “Ó máa ní kí n wọ́n ọn ni, mà.” Ó ti mọ iṣẹ́ tó fẹ́ kí ọwọ́ ṣe, “sprinkle” ló kù tí yóò kọ́. Máàkì wà fún ẹni tó bá yan ọ̀rọ̀-ìṣe tó bá iṣẹ́ ọwọ́ mu.

Lẹ́yìn náà ni ètò, pàápàá ìkìlọ̀. Ọmọ kan kọ bí a ṣe ń tan jẹnẹrétọ̀. Ó kọ nípa epo, nípa bọ́tìnnì, nípa okùn tí à ń fà. Ìlà tó kẹ́yìn ní kí a rí i dájú pé jẹnẹrétọ̀ náà wà ní ìta kí a tó tàn án. Gbogbo ohun tó kọ ló jẹ́ òótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń tẹ̀ lé e láti òkè ti tàn án sínú yàrá kó tó kan ìlà yẹn, èéfín jẹnẹrétọ̀ sì máa ń pani. Mo yọ máàkì púpọ̀ níbẹ̀, mo sì pe ọmọ náà láti sọ ìdí rẹ̀ fún un. Ìkìlọ̀ tó bá dé lẹ́yìn ewu kì í ṣe ìkìlọ̀ mọ́.

Mo mọ̀ pé àwọn ẹlẹgbẹ́ mi yóò béèrè bí wọ́n ṣe máa pín máàkì. Ètò WAEC ni ọ̀pọ̀ wa ń lò láti JSS wá: 10 fún kókó ọ̀rọ̀, 10 fún ìtò, 20 fún ìlò èdè, 10 fún àìṣàṣìṣe sípẹ́lì àti àmì, àpapọ̀ rẹ̀ 50. Fún lẹ́tà àti ìtàn, kò burú. Fún ìlànà, ó gbé orí kọ́ ibi tí kò yẹ. Èdè àti sípẹ́lì nìkan gba 30, ìyẹn ni pé ọmọ tó kọ Gẹ̀ẹ́sì dídán láì sọ ìwọ̀n iyọ̀ lè yege, nígbà tí ẹni tó sọ ohun gbogbo ní ẹsẹẹsẹ pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì tó ń wọ́lẹ̀ lè kùnà. Ìdánwò àṣekágbá kò sí lọ́wọ́ wa, ṣùgbọ́n máàkì iṣẹ́ inú kíláàsì, tí a ń kó jọ láàárín sáà ẹ̀kọ́, ọwọ́ wa ló wà. Nínú tèmi, ìdajì máàkì jẹ́ ti pé ẹni tó tẹ̀ lé ìlànà náà rí i ṣe. Ìdajì tó kù ni mo pín fún ọ̀rọ̀-ìṣe, ìtò àti sípẹ́lì. N kì í sì í kọ máàkì ìgbà àkọ́kọ́ sílẹ̀. Ọmọ á lọ tún un kọ lẹ́yìn tó bá ti rí ibi tó já, èkejì ni mo ń kọ sínú ìwé. Ó ń gba àkókò, mi ò ní purọ́. Lọ́sẹ̀ tí a bá ṣe irú iṣẹ́ yìí, a kì í ṣe iṣẹ́ mìíràn.

Ọmọ tó kọ “little salt” lọ́jọ́sí tún tirẹ̀ kọ. Gbólóhùn àkọ́kọ́ rẹ̀ ní “Wash your hands with soap.” N kò sọ fún un, ẹnikẹ́ni kò sì sọ ọ́ ní kíláàsì. Ó rò ó fúnra rẹ̀ pé ẹni tí yóò ka ìwé òun lè ti oko tàbí ọjà dé.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ fún wọn ní iṣẹ́ yìí lẹ́ẹ̀kan ní sáà tó ń bọ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹlòmíràn tẹ̀ lé ohun tí wọ́n bá kọ. Kò ná mi ju ọ̀rá omi méjì, ṣúgà, iyọ̀ àti síbí tíì kan lọ.